«Àyà Ń Ta Mí»: Ọ̀rọ̀ Kan, Àìsàn Púpọ̀

Nígbà tí a wà ní kíláàsì première ní Kétu, bàbá wa jí lóru ọjọ́ kan, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó fi ìkúùkù tẹ àárín àyà rẹ̀, kò sì dùbúlẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àárọ̀ ni a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ apá àríwá orílẹ̀-èdè wa. Kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá wa, ní tirẹ̀, kò gbọ́ Faransé ju ìkíni àti iye owó ọjà lọ. Àwa ni akọ́wé ilé, àwa ni a sì dúró láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀.

Ọkùnrin náà béèrè ohun tí ó ń ṣe bàbá. Bàbá dáhùn pé: «Àyà ń fún mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì mí láyà, tí wọ́n wá ń fà á. Ó ń ro mí dé èjìká.» A wá ọ̀rọ̀ Faransé tí ó bá «fún» mu, a kò rí i. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa, ojú ń tì wá, a sì fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé a gbọ́ èdè náà dáadáa. Ẹnu wa bá yára mú ọ̀rọ̀ kan tí a ti kà nínú ìwé: «Il a des brûlures d'estomac.» Wọ́n bi wá bóyá ó jẹun lálẹ́. A ní iyán ni ó jẹ, ó sì jẹ ẹ́ yó. Wọ́n fún un ní oògùn funfun tí a ń rún lẹ́nu, a sì padà sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣubú ní ọ̀nà oko. Nígbà tí a gbé e dé Kùtọ̀nú, ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé fi hàn pé apá kan lára ẹran ọkàn rẹ̀ ti kú. Ó tún lo ọdún méje láyé, ṣùgbọ́n kò gbé ọkọ́ mọ́. Kò bá wa wí rí, nítorí kò mọ ohun tí a sọ ní orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwa náà kò sọ fún un.

Olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí a sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè. Ohun tí a rí ni pé àṣìṣe tí a ṣe kì í ṣe tiwa nìkan. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe é, àwọn èdè wa náà sì ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí àyà títa jẹ́ gan-an. Omi kíkan kan wà nínú àpòlúkù, àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí, tí ó lágbára tó láti yọ́ ẹran. Àpòlúkù ní ikun tí ó fi bo ara rẹ̀ nínú, nítorí náà omi náà kì í jẹ ẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹran kan wà tí ó yí i po bí okùn ẹnu àpò: ó ń ṣí fún òkèlè, ó sì ń padà pa dé. Bí okùn náà bá dẹ̀, omi kíkan á gòkè, á sì jó ọ̀nà ọ̀fun lẹ́yìn eegun àyà. Ẹni tí ó ń ṣe á ní àyà ń ta òun, ẹnu òun kan, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá tí ó pọ̀, lẹ́yìn sódábì, nígbà tí ó bá tẹ̀ láti gbálẹ̀, tàbí nígbà tí ó bá yó tán tí ó sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá sọ pé àyà ń ta òun, àyà títa náà ni lóòótọ́: kí ó dín oúnjẹ alẹ́ kù, kí ó jẹ ẹ́ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí ó tó sùn, kí ó gbé ìgbèrí ibùsùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ara á sì tù ú.

Àwọn tí ó kù ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Bí èèrà bá bu wá jẹ ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀, a mọ ibẹ̀ gan-an, kódà nínú òkùnkùn. Inú ara kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn láti ọkàn àti àwọn tí ń gbé e láti ọ̀nà ọ̀fun ń wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní àgbègbè kan náà, ní òkè ẹ̀yìn, pẹ̀lú àwọn tí ó ti apá wá. Ọpọlọ gbọ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn náà dà bí lẹ́tà tí kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìdí nìyí tí àìsàn ọkàn fi lè máa ro ènìyàn ní apá òsì, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní òkè ikùn, nígbà tí ibi tí ọkàn wà gan-an kò dùn ún rárá. Àwọn àgbà wa ní ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Èèpo ẹ̀pà ni púpọ̀ nínú àyà títa. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, pósí ni, kì í sì í ṣe ti ẹ̀lírí.

Àwọn èdè wa kò kúkú ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ Faransé tí ó ní «j'ai mal au cœur» kò sọ̀rọ̀ ọkàn rárá: èébì ni ó ń gbé e. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará wa ń lò ní òdìkejì ààlà pe àyà títa ní ọkàn jíjó, bẹ́ẹ̀ ọkàn kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní ti Yorùbá, bí a bá ní inú ń run wá, láti abẹ́ ọmú títí dé abẹ́ ìdodo ni ó lè jẹ́. Inú kan náà ni a fi ń bínú, òun ni a fi ń ro èrò, òun ni a fi ń lóyún.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí Yorùbá fi ju àwọn méjì yòókù lọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ìrora. Ata ni ó ń ta. Iná ni ó ń jó. Aṣọ tí a fọ̀ ni a ń fún kí omi rẹ̀ lè jáde, ọsàn náà ni a ń fún. Kì í ṣe «fún» tí a fi ń fúnni lẹ́bùn ni à ń wí o. Abẹ́rẹ́ ni ó ń gún. Aṣọ tí ó gbó ni ó ń ya. Àgbàlagbà Kétu tàbí Ṣábẹ̀ tí kò mọ ìwé kì í ṣi àwọn wọ̀nyí lò. Bí ó bá ní ó ń fún, kò ní i lọ́kàn pé ó ń ta.

Ní ọdún 1768, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Heberden dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣàlàyé àìsàn àyà kan tí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní ó máa ń mú wọn nígbà tí wọ́n bá ń rìn, pàápàá bí wọ́n bá ń gun òkè, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Bí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́, á lọ. Ó wá orúkọ fún un ní èdè Látìnì, ó pè é ní angina pectoris. Àwọn onímọ̀ èdè so ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ «angere», tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ láti fún nǹkan mọ́ra, láti fún ni lọ́rùn. Faransé sọ ọ́ di «angine de poitrine», àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì máa ń rò pé ọ̀fun dídùn ni. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìfi kún un láìyọ kúrò nínú rẹ̀, àyà fífún ni. Bàbá wa, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, ti pe àìsàn rẹ̀ ní orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú ìwé. Àwa tí a ń kàwé ni a yí i padà.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ọkàn ń ta ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, nípasẹ̀ àwọn òpó tínínrín tí ó rọ̀ mọ́ ọn lára. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọ̀rá lè máa dì mọ́ inú àwọn òpó náà. Tábà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọjọ́ orí máa ń mú un yára. Bí ènìyàn bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá á tó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, bí àwọn ará Ṣábẹ̀ tí òkúta yí ká ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa, ọkàn á béèrè sí i, òpó kò sì ní lè fún un. Ìgbà yẹn ni ó ń ké. Nítorí náà, ìrora tí ó ń bá iṣẹ́ dé, tí ó sì ń bá ìsinmi lọ, ẹ má ṣe wá a nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tí ó dí òpó náà pátápátá, kò sí ìsinmi tí ó lè mú un lọ mọ́. Èyí ni Faransé ń pè ní crise cardiaque. Àyà á fún tàbí kí ó wúwo bí ẹni tí wọ́n gbé ọlọ lé, fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Òógùn tútù lè bo ara, èémí lè má délẹ̀, èébì lè gbé e, ojú lè ṣú u. Ẹran ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó bá sì ti kú kò ní hù mọ́. Ìṣẹ́jú ni a ń kà níbẹ̀, a kì í ka ọjọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì gbọdọ̀ wa ọ̀kadà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ìlù ọkàn wà, kí ẹni tí ó bá a lọ sì sọ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó tó fún wọn ní ìwé kankan: «Douleur à la poitrine. Ça serre.»

A ti yin ọ̀rọ̀-ìṣe wa tó. Ó tọ́ kí a sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ń kú lọ tí wọ́n sì ń sọ pé ó ń ta àwọn. Àwọn kan kò ní ìrora kankan. Àtọ̀gbẹ tí ó ti pẹ́ lára máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tí igbe ọkàn kò fi ní dé ọpọlọ. Àwọn obìnrin àti àwọn arúgbó pẹ̀lú ni ó sábà máa ń jẹ́ pé àárẹ̀ tí kò nídìí, èémí kúkurú, èébì tàbí òkè ikùn tí ń dùn ni wọ́n á rí. Ọ̀nà ọ̀fun náà lè fún nígbà mìíràn láìsí ewu. Ohun kan sì wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ: bí wọ́n bá lo oògùn àyà títa tí ara wọn sì tù, wọ́n á ní ọkàn kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rí. Ìrora ọkàn lè lọ kí ó tún padà bọ̀ fúnra rẹ̀, kí oògùn náà sì gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀, ẹ̀rọ ni yóò bi. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Hólàǹdì, ni ó ṣe èyí tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé jù nínú àwọn ẹ̀rọ ìlù ọkàn ìgbà náà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924. Ẹ̀rọ náà pàápàá lè má rí nǹkan ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró kí wọ́n tún un yà, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má ṣe rò pé owó ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti àwọn aláboyún, nítorí pé níbẹ̀ ni àṣìṣe ti rọrùn jù. Kò sí obìnrin tí kò mọ̀ pé oyún máa ń mú àyà ta. Òótọ́ ni: omi ara tí ń dáàbò bo oyún máa ń dẹ okùn ẹnu àpòlúkù, ilé ọmọ tí ń dàgbà sì ń tì í láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí aboyún bá ní òkè ikùn ń dun òun, ẹgbẹ̀rún ìyá ọkọ ni ó ti ní ìdáhùn lẹ́nu.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa kan ní Àjàṣẹ́ wà ní oṣù kẹjọ. Òkè ikùn rẹ̀ ń dùn ún, lábẹ́ eegun ìhà ọ̀tún, fún ọjọ́ méjì. Wọ́n fún un ní káún. Ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n ní oòrùn ni. Ó ní òun ń rí ohun tí ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú. Wọ́n ní kí ó sùn. Ìgbà tí òrùka ìgbéyàwó kò yọ mọ́ ní ìka rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìtàn, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ìyá agbẹ̀bí tí ó gbà wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà kò bi í léèrè ohun tí ó jẹ. Ó fi okùn ìwọn ẹ̀jẹ̀ dì í lápá, ó wò ó, ó tún un wò, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Àìsàn yìí ni Faransé ń pè ní pré-éclampsie. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 nínú oyún. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ó kéré tán dé 140 lórí 90, ó sì lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀dọ̀ tí ó wú ni ó ń dun ènìyàn lábẹ́ eegun ìhà, tí a sì ń pè ní àyà títa. Bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, gìrì lè mú ìyá náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ará ilé ti pè ní wárápá tàbí iṣẹ́ ayé. Oògùn rẹ̀ wà, kì í sì í ṣe ọ̀wọ́n: magnesium sulphate ni. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2002, tí ó kan àwọn aláboyún tí ó ju 10,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ àti olóbi jáde ni òpin àìsàn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè yọjú lẹ́yìn ìbímọ pàápàá, títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa bí ọmọ rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, ó kéré bí ẹyẹlé. Ọmọ náà ti wà ní CI báyìí, ariwo rẹ̀ sì pọ̀.

A kò ní bú káún. Àwọn ìyá wa kò ṣi ọgbọ́n lò: káún ń pa ìkan, bí eérú ṣe ń pa á, òun ni ó sì fi ń tu ẹni tí àyà ń ta lóòótọ́ lára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú káún ni ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, èyí tí a ń sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé kí ó dín kù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí ó sì ń mu káún lójoojúmọ́ nítorí àyà ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi méjì.

Àwọn mìíràn wà tí a ó kàn dárúkọ kọjá. Òkúta lè dì nínú àpò òróòro. Ìrora rẹ̀ ń dé lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ó ń wà lápá ọ̀tún, ó sì máa ń lọ sí pálapàla èjìká ọ̀tún. Àwọn ènìyàn rò pé àìsàn àwọn ìyá tí ó sanra ni, ṣùgbọ́n a ti rí i lára akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí kò tíì pé ọdún 16, tí ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Fòníkú-fọ̀la-dìde ni ó ń bá a jà. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀jẹ̀ pupa kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kí ó tó gbó. Nínú tirẹ̀, wọ́n ń fọ́ kí ìgbà wọn tó pé, àwọ̀ òféfèé tí ó ń jáde nínú fífọ́ wọn ni ó sì ń kóra jọ di òkúta. Ọdún kan gbáko ni a fi ń bá a wí pé kí ó yé jẹ ata. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní àyà ń dun òun, tí ibà wà lára rẹ̀, tí kò sì lè mí dáadáa, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì: ẹ̀dọ̀fóró lè ti kó sí i.

Ìrora tí ń gún ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fa èémí sínú, tí ó dé lójijì lẹ́yìn ìrìn-àjò gígùn, ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ, lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ó dà bí ẹni pé nǹkan ya láti àyà dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ni ó ń ya ní tòótọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tún ń ṣiṣẹ́. Ti ẹni tí òkèlè ń há lọ́rùn yàtọ̀: lóṣù yìí iyán kò lọ, lóṣù tí ń bọ̀ ẹ̀kọ kò lọ, ó sì ń rù. Kí wọ́n wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láìpẹ́, nítorí jẹjẹrẹ lè wà níbẹ̀.

Ní ti ọgbẹ́ inú, gbogbo ilé ni ó mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé ata àti ìrònú ni ó ń fà á. Barry Marshall àti Robin Warren, dókítà méjì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ni wọ́n rí i pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà. Ní ọdún 1984, Marshall gbé ife, ó mu kòkòrò náà, kò sì pẹ́ tí inú rẹ̀ fi wú tí ó sì ń bì. Ẹ̀bùn Nobel dé ní ọdún 2005. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ọgbẹ́ tí kòkòrò fà ṣeé wò tán pẹ̀lú oògùn tí ń pa kòkòrò. Kò yẹ kí ènìyàn máa rún oògùn funfun fún ogún ọdún. Orísun rẹ̀ kejì wà nínú àpò wa: oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbé mì lójoojúmọ́ láìjẹun. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, inú ń ṣẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni.

Oògùn náà sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun láìdé inú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra doxycycline ní etí ọ̀nà, tí ẹ ń fi itọ́ gbé e mì lórí ibùsùn nígbà tí oorun ti kun yín: ó lè há sí àárín ọ̀nà, kí ó sì dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Ife omi kan tó kún, kí ẹ sì wà ní ìnàró tàbí ní ìjókòó fún ìlàjì wákàtí. Rírà á ní etí ọ̀nà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní Kùtọ̀nú níbí ni wọ́n ti ké gbàjarè sí gbogbo ayé ní ọdún 2009 lórí ayédèrú oògùn, ìpè tí Jacques Chirac ṣagbátẹrù rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ báyìí, àwọn abọ́ oògùn ṣì wà lórí àwọn ìyá tí ń kiri.

Àwọn òbí wa tí kò gbọ́ Faransé kò tíì tán. Nílé ìwòsàn, ní ọ̀sẹ̀ tí à ń kọ èyí, ọmọ kan wà tí ó dúró láàárín ìyá rẹ̀ àti ẹni tí ó wọ aṣọ funfun. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ mú orúkọ àìsàn wá; iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Kí ó mú ohun tí ó gbọ́ wá: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ń lọ, ohun tí ìyá ń ṣe nígbà tí ó dé, bí ó ti pẹ́ tó, ohun tí ó bá a rìn, gbogbo oògùn àti àgbo tí ó ti lò. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ kan, kí ó sọ pé òun kò rí i. Ìyẹn ni a kò lè ṣe ní ọjọ́ tiwa.

Ní ọdún tó kọjá, a kọ ọ̀rọ̀-ìṣe méje sí pátákó ní kíláàsì wa: ta, jó, fún, gún, ro, ya, wúwo. A ní kí wọ́n wá Faransé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí piquer, wọ́n rí brûler, wọ́n rí serrer láìpẹ́, ó sì dùn wá díẹ̀ pé wọ́n yára rí i tó bẹ́ẹ̀. Lórí «ro», wọ́n jà títí agogo fi lù. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn àwọn yòókù. Òun ni ó ń mú ìyá ìyá rẹ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Ó béèrè bóyá ó burú kí òun sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá bí ìyá ṣe sọ ọ́, kí òun sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, bí Faransé bá sọnù. A ní kí ó fi hàn wá bí yóò ti ṣe é fún «fún». Ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù, ó gbé e lé àárín àyà.

Àwọn dókítà mọ àmì yẹn. Wọ́n ń pè é ní àmì Levine, wọ́n sì ti rí i lára aláìsàn ọkàn púpọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. A ní kí ó kọ́kọ́ fi ìkúùkù náà hàn wọ́n kí ó tó la ẹnu.